Orúkọ Bàbá Mi Lórí Káàdì

Nọ́ọ̀sì kọ nǹkan sórí káàdì,
mo yọjú wò ó láti ẹ̀yìn èjìká rẹ̀.
Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ṣi orúkọ bàbá mi kọ.
Òtíìsì ni. Lẹ́tà méjì ló lé nínú tiyín."
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èyí kì í ṣe orúkọ,
àìsàn ni. Etí tó wú, tó ń ṣọyún,
ohun tí à ń pè é nìyẹn."

Bàbá jókòó ní tiwọn, wọn ò gbọ́ wa,
wọ́n ń ka iye ìgbà tí fáànù yí po.

Dókítà Ṣóyẹmbọ̀ ló la ọ̀rọ̀ náà fún mi,
bó ti ń tan iná kékeré sínú etí bàbá:
àwọn Gíríìkì àtijọ́ ló ni etí inú àìsàn yẹn.
Orúkọ bàbá mi kò bá a tan rárá,
ọ̀dọ̀ àwọn ará Jámánì ayé ijọ́hun ló ti wá.
Ọrọ̀ ló túmọ̀ sí. Owó. Dúkìá.
Mo wo bàtà bàbá mi. Mo wo kọ́là ẹ̀wù wọn.
Ọrọ̀ kẹ̀?
Katikíìsì tó sọ wọ́n lórúkọ ní Lafíàjí
kò mọ̀ ju pé ó dùn lẹ́nu,
ara àpótí ẹrù kan ní Àpápá ló ti rí i.

Ìyá Múníbá, onílé wa, kò lè pè é.
Ahọ́n rẹ̀ fẹ́ ohun tó nítumọ̀.
"Òtẹ́tísí," ló sọ ọ́ dà,
"Òtẹ́tísí, wá bá mi gbé garawa."
Gbogbo àdúgbò gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n ní orúkọ a máa ro ọmọ.
Ilé tẹlifóònù ní Màrínà ni bàbá ti ṣiṣẹ́,
ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, irin lórí,
ohun dúdú kan lẹ̀ mọ́ etí òsì,
wọ́n ń so Èkó mọ́ Ìbàdàn, Kánò mọ́ Lọ́ńdọ̀nù,
ikú, gbèsè, ìgbéyàwó,
ìfẹ́ tí kò yẹ kó wà.
Wọn kò gbé ọ̀kan wálé rí.
Màmá mi a ní: "Etí ọba nílé, etí ọba lóko,
kí wá ni èrè ìyàwó etí?"

Dókítà yìí fẹ́ràn ọ̀rọ̀.
Ó ní ohun tí àwa ń pè ní ìfetíkọ́,
Òyìnbó kò fi etí sí i:
omi tó ń kán láti orí òrùlé ni wọ́n fi sọ ọ́,
ẹni tó lọ dúró lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ilé onílé.
Mo ní, "Dókítà, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀!
Ṣé ẹ ò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń kán nínú rẹ̀ ni?"
Ó dákẹ́. Ó ní òun ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí.
Ó nawọ́ sí etí tèmi:
òrùka etí ni wọ́n ń pe èyí lọ́hùn-ún.
Yẹtí ni tiwa.
Irin ni wọ́n rí, àwa rí bó ṣe yẹni.

"Etí òsì ti lọ," ló sọ níkẹyìn,
"ọ̀tún ṣì kù díẹ̀."
Mo kọ ọ́ síwèé fún bàbá. Wọ́n kà á, wọ́n mi orí
bí ẹni tí wọ́n sọ fún
pé ẹni tó ń pè kò sí nílé.

A jáde. Wọ́n ní ká gba etí omi.
Omi ti jìnnà. Ibi tí wọ́n ti ń mú akàn ní kékeré,
títì ló wà níbẹ̀, yanrìn lábẹ́ títì.
Wọ́n dúró, wọ́n pariwo bí adití ti í pariwo:
"Ṣé o rí i? Wọ́n ti dí etí ọ̀sà!"
Èèyàn méjì yíjú wò wá.

Ọmọ kì í pe bàbá rẹ̀ lórúkọ.
Mo sún mọ́ etí ọ̀tún, mo pè é,
kì í ṣe èyí tó wà lórí káàdì,
kì í ṣe ti ará Jámánì.
Wọ́n ní, "Hẹ̀ẹ́n?"
Mo tún un pè.